Orúkọ, Ètò àti Ìsopọ̀: Àgbéyẹ̀wò Ìlànà Markdown fún Títẹ Àkọsílẹ̀ Yorùbá Jáde, pẹ̀lú Èbúté Mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí Àpẹẹrẹ

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò bí wọ́n ṣe ń to àkọsílẹ̀ èdè Yorùbá lẹ́sẹẹsẹ, tí wọ́n sì ń so ọ̀kan mọ́ òmíràn, nínú ètò ìtẹ̀wé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó gbára lé ìlànà Markdown. Àkójọ àkọsílẹ̀ nípa Èbúté Mẹ́ta ní Èkó ni ó dúró gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Àyẹ̀wò náà fi hàn pé ìlànà yìí dára fún pípa ọ̀rọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ káàtó ní ọ̀nà mẹ́ta: ìsọlórúkọ fáìlì, ètò tí ó gbójú lé déètì àti àpò kan ṣoṣo, àti ìsopọ̀ tí ó ń lọ tí kì í bọ̀. Ètò Odù Ifá àti ti ìwé ìròyìn Yorùbá àtijọ́ ni àpilẹ̀kọ náà fi ṣe òdiwọ̀n. Ó parí pẹ̀lú àbá fún àwọn olùkọ́ èdè.

1. Ìfáàrà

Ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí òwe yìí ṣe kan ọmọ náà ni ó kan ìwé. Àkọsílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ kò yanjú kò ṣeé pè. Èyí tí kò ní ìbátan kò ṣeé tọ̀ lọ. Ní ayé ìwé títẹ̀, òǹtẹ̀wé ni ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ méjèèjì. Òun ni ó ń fi nọ́ńbà sí ojú ìwé, tí ó ń to àkòrí sí iwájú, tí ó sì ń fi atọ́ka sí ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, ọrùn òun gan-an ni iṣẹ́ òǹtẹ̀wé bọ́ sí, bí ó mọ̀ bí kò mọ̀.

Bí a ṣe lè tẹ àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà lórí ẹ̀rọ ayárabíàṣá ni ọ̀rọ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu àwọn olùkọ́ èdè nígbà tí ẹ̀rọ bá di ọ̀rọ̀. Kò sí àríyànjiyàn pé ó ṣe pàtàkì. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ dáadáa lè sọnù bí kò bá sí ọ̀nà tí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ilé ẹ̀kọ́ kan bá ní ọgọ́rùn-ún àkọsílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí akẹ́kọ̀ọ́ kò sì rí ju mẹ́wàá lọ, mẹ́wàá ni ilé ẹ̀kọ́ náà ní. Ìdí nìyí tí ètò àti ìsopọ̀ fi yẹ ní ohun tí àwọn onímọ̀ èdè ń ṣe lámèyítọ́ fún, tí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi sílẹ̀ fún onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan.

2. Ètò àti ìsopọ̀ kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé

Kì í ṣe orí íntánẹ́ẹ̀tì ni Yorùbá ti kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń to ọ̀rọ̀ jọ. Ètò tí ó lágbára jù lọ ni ti Ifá. Ojú odù mẹ́rìndínlógún ni ó wà. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá sì ti bá gbogbo wọn lò pọ̀, wọ́n di igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta (256). Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ kíyè sí ni pé orúkọ odù ni àdírẹ́sì rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ Ìrosùn-Ìwòrì ti mọ̀ pé Ìrosùn wà ní ọwọ́ ọ̀tún, Ìwòrì sì wà ní ọwọ́ òsì. Kò dìgbà tí ó bá béèrè ibi tí wọ́n kó o sí. Orúkọ náà sọ òbí méjèèjì, ó sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára Ìwòrì-Ìrosùn. Wándé Abímbọ́lá, tí ìwé rẹ̀ Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá jáde ní 1968, ti ṣe àlàyé pé ẹsẹ Ifá ní ìhun tirẹ̀: orúkọ àwọn awo tí wọ́n dífá ni ó sábà máa ń ṣáájú, orúkọ ẹni tí wọ́n dífá fún yóò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ìdí tí ó fi dífá. Kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, olùgbọ́ ti mọ ẹni tí ó sọ ọ́, ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún, àti ohun tí ó fà á.

Ìwé ìròyìn náà ní ètò tirẹ̀. Nígbà tí Isaac B. Thomas, olóòtú Akéde Èkó, ń tẹ ìtàn ìgbésí ayé Ṣẹ̀gilọlá jáde láàrin 1929 àti 1930, gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà tí obìnrin náà ń kọ sí olóòtú ni ó ṣe ń jáde. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà nínú ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ tirẹ̀, láàrin ìròyìn ìlú, ìpolówó ọjà àti lẹ́tà àwọn òǹkàwé tí wọ́n ń fèsì. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ka ọ̀kan mọ̀ pé ó ní èyí tí ó ṣáájú rẹ̀, òmíràn sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní 1930, ìtàn náà di ìwé. Nígbà tí Karin Barber ṣe àtúntẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìtumọ̀ ní 2012, ó fi àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn láti inú Akéde Èkó kún un. Ohun tí ó ṣe yìí fi hàn pé lẹ́tà tí ó kúrò láàrin àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò pé mọ́; ara ìtumọ̀ rẹ̀ ni ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

3. Kí ni Markdown?

Markdown ni ìlànà kan tí John Gruber gbé jáde ní 2004, tí Aaron Swartz sì bá a lọ́wọ́ sí, fún kíkọ ọ̀rọ̀ lásán tí ẹ̀rọ yóò sọ di ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì. Àmì # níwájú ìlà kan sọ ìlà náà di àkòrí. Bí òǹkọ̀wé bá fẹ́ so ọ̀rọ̀ mọ́ ojú ìwé mìíràn, yóò fi ọ̀rọ̀ náà sínú àkámọ́ onígun, yóò sì fi àdírẹ́sì sínú àkámọ́ roboto tí ó tẹ̀ lé e, báyìí: [Ìfọ́lé](ifole.md). Àwọn ètò ìtẹ̀wé bíi Jekyll, tí ó jáde ní 2008, àti Hugo, tí ó jáde ní 2013, máa ń kó irú àwọn fáìlì bẹ́ẹ̀ jọ, wọn a sì sọ wọ́n di odindi ìkànnì. Ní orí fáìlì kọ̀ọ̀kan, ìlà díẹ̀ máa ń wà tí ó ń sọ àkọlé, déètì àti ìsọ̀rí, gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀ ẹsẹ Ifá ṣe ń sọ awo àti ẹni tí wọ́n dífá fún.

Ìwà rere ìlànà yìí kò kéré. Ọ̀rọ̀ lásán ni fáìlì rẹ̀, nítorí náà ẹ̀rọ tí ó kéré jù lọ lè ṣí i, fóònù alágbèéká sì lè tún un ṣe. Kò nílò ẹ̀rọ ńlá, kì í jẹ dátà púpọ̀. Bí ètò ìtẹ̀wé kan bá kógbá wọlé lọ́la, ojú lásán ṣì lè ka ohun tí ó wà nínú fáìlì náà. Fún ilé ẹ̀kọ́ tí iná mànàmáná kì í dúró fún, tí owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan, oore ńlá ni èyí.

4. Àgbéyẹ̀wò

4.1 Orúkọ fáìlì

Bí olùkọ́ kan ní Èkó bá fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kọ àkójọ àkọsílẹ̀ nípa Èbúté Mẹ́ta, ìṣòro àkọ́kọ́ yóò dìde kí wọ́n tó kọ ìlà kan: kí ni fáìlì náà yóò máa jẹ́? Orúkọ ìlú náà ní èdè Yorùbá ni Èbúté Mẹ́ta. Nínú ìwé ìjọba àti lórí àwòrán ilẹ̀, Ebute Metta ni wọ́n ń kọ, pẹ̀lú t méjì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò kọ ebute-meta.md, èkejì yóò kọ ebute-metta.md. Ojú ìwé méjì yóò wà fún ìlú kan, ìdajì ìsopọ̀ yóò máa lọ sí ọ̀kan, ìdajì yóò máa lọ sí èkejì, kò sì ní sí ẹni tí yóò mọ̀.

Èyí tí ẹ̀rọ ń ṣe fúnra rẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jekyll ní irinṣẹ́ kan tí ó ń sọ àkọlé di àdírẹ́sì. Ní ọ̀kan nínú ọ̀nà tí ó ń gbà ṣiṣẹ́, èyí tí kò mọ̀ ju lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lásán lọ, gbogbo lẹ́tà tí ó bá ní àmì ni yóò yọ dànù. Èbúté Mẹ́ta yóò di b-t-m-ta. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ yóò di k lásán, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí òǹkọ̀wé bá sì yan láti yọ àmì nìkan, tí ó dá lẹ́tà sí, ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń roko, ọkọ̀ ojú irin àti ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù yóò pàdé oko níbi kan náà: oko. Nígbà tí fáìlì méjì bá sì bọ́ sí àdírẹ́sì kan, ọ̀kan yóò bo èkejì mọ́lẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ àṣìṣe àkọtọ́ lórí ìwé ti di ìpàdánù odindi iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sórí àmì nìkan. Àkọtọ́ fúnra rẹ̀ ń yí padà. Aiye ni àwọn ará ìgbà Thomas kọ sí àkọlé ìwé Ṣẹ̀gilọlá. Ayé ni àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ní kí a máa kọ. Ẹni tí ó bá ń fi àkọtọ́ òde òní wá ìwé 1930 kò ní rí i, àfi bí ẹnì kan bá ti so orúkọ àtijọ́ mọ́ ti tuntun.

4.2 Ojú kan, kóòdù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ìṣòro kejì kò hàn sí ojú rárá. Nínú ètò kóòdù Unicode tí gbogbo ẹ̀rọ ń lò, ẹ, ọ àti ṣ ní kóòdù tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Ẹ̀rọ kan lè kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ tí ó ní àmì òkè. Òmíràn lè kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí é tí ó ní àmì abẹ́. Ojú kan náà ni wọ́n ní, ṣùgbọ́n lójú ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n. Ìsopọ̀ tí wọ́n kọ ní ọ̀nà kan kò ní rí fáìlì tí wọ́n sọ lórúkọ ní ọ̀nà kejì. Ètò ìfipamọ́ HFS+ tí kọ̀ǹpútà Apple lò kí APFS tó rọ́pò rẹ̀ ní 2017 máa ń tú lẹ́tà alámì palẹ̀ nínú orúkọ fáìlì. Linux a sì fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe bá a. Nítorí náà ìsopọ̀ lè ṣiṣẹ́ lórí tábìlì olùkọ́, kí ó sì kú nígbà tí ó bá dé orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìlànà ìmúdọ́gba kan wà nínú Unicode, tí wọ́n ń pè ní NFC, tí ó ń sọ ọ̀nà méjèèjì yìí di ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kò wo gbogbo àrùn sàn. Àwọn òǹkọ̀wé kan a máa lo ìlà kékeré tí ó dúró gbọọrọ lábẹ́ lẹ́tà dípò àmì tó-ó-tó. Lójú Unicode, àmì ọ̀tọ̀ pátápátá ni èyí, NFC kò sì ní mú un bá èkejì dọ́gba. Ìpinnu ènìyàn nìkan ni ó lè yanjú rẹ̀: kí gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fẹnu kò sórí ọ̀kan.

4.3 Ètò: déètì àti àpò

Jekyll ní kí orúkọ àkọsílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọdún, oṣù àti ọjọ́ tí wọ́n fi kọ ọ́, èyí tí ó bá jẹ́ tuntun jù lọ ni ó sì sábà máa ń wà lókè. Èyí bá ìwé ìròyìn mu, nítorí ọjọ́ tí ìròyìn jáde kò jìnnà sí ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Kò bá ìmọ̀ ìtàn mu. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá kọ nípa ọkọ̀ ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, tí òmíràn sì wá kọ nípa ìṣẹ̀lẹ̀ 1867 ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀rọ yóò gbé 1867 sí òkè 2021. Ọjọ́ tí òǹkọ̀wé jókòó kọ̀wé ni ẹ̀rọ mọ̀. Kò mọ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀.

Àpò náà ní àléébù tirẹ̀. Fáìlì kan kò lè wà ju inú àpò kan lọ. Níbo ni àkọsílẹ̀ nípa ojú irin tí wọ́n ṣí dé Ìbàdàn ní 1901 yóò wà? Ṣé nínú ìtàn ìjọba amúnisìn ni, tàbí nínú ìrìnnà, tàbí nínú Èbúté Mẹ́ta tí iléeṣẹ́ ojú irin fìdí kalẹ̀ sí? Yorùbá kì í fi òbí kan pe ọmọ. Bí wọ́n ṣe ń ki ọmọ ní ilé bàbá ni wọ́n ń kì í ní ilé ìyá. Ètò àpò ń fipá mú òǹkọ̀wé láti yan òbí kan, kí ó sì kọ èkejì sílẹ̀. Ó tún ní ewu mìíràn: bí wọ́n bá gbé fáìlì láti inú àpò kan sí òmíràn, àdírẹ́sì rẹ̀ yí padà. Níhìn-ín ni Ifá ti ju ètò ìgbàlódé yìí lọ. Ohun tí odù jẹ́ ni orúkọ odù ń sọ. Ibi tí wọ́n gbé fáìlì sí ni àdírẹ́sì fáìlì ń sọ, ibùjókòó kì í sì í ṣe ìran ẹni.

Àmì ìsọ̀rí tí ètò náà gbà kí wọ́n kọ sí orí fáìlì lè tún èyí ṣe, nítorí àkọsílẹ̀ kan lè ní ìsọ̀rí mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá kọ Ìtàn, tí ẹlòmíràn kọ itan, tí ẹnì kẹta sì kọ Ìtàn Èkó, ìsọ̀rí mẹ́ta ni ẹ̀rọ yóò rí. Òmìnira tí kò ní ìlànà di ìdàrúdàpọ̀.

4.4 Ìsopọ̀

Ìtàn Èbúté Mẹ́ta fúnra rẹ̀ ni ó fi ìwúlò ìsopọ̀ hàn jù lọ. Ní Abẹ́òkúta ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní oṣù Disẹ́ḿbà 1859. Ní oṣù Ọ̀kútọ́bà 1867, rògbòdìyàn tí àwọn Ẹ̀gbá ń pè ní Ìfọ́lé bẹ́ sílẹ̀: wọ́n fọ́ ilé àwọn ajíhìnrere, wọ́n ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jẹ́, ìwé ìròyìn náà sì kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá onígbàgbọ́ tí wọ́n sá wá sí Èkó ni John Hawley Glover, tí ó ń ṣàkóso Èkó nígbà náà, fún ní ilẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo ni ó pa ìwé ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́, tí ó sì fi Ẹ̀gbá kún Èbúté Mẹ́ta. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ka ìtàn ìwé ìròyìn nìkan kò ní mọ ibi tí àwọn ènìyàn náà lọ. Ẹni tí ó ń ka ìtàn àdúgbò nìkan kò ní mọ ohun tí wọ́n fi sílẹ̀. Ìsopọ̀ ni ó ń sọ àkọsílẹ̀ méjì di ìmọ̀ kan.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ìsopọ̀ Markdown ń lọ ní apá kan ṣoṣo. Bí àkọsílẹ̀ Èbúté Mẹ́ta bá tọ́ka sí Ìfọ́lé, àkọsílẹ̀ Ìfọ́lé kò mọ̀ rárá pé ẹnì kan ń tọ́ka sí òun. Wikipedia àti àwọn ètò bíi Obsidian lè fi gbogbo ojú ìwé tí ó tọ́ka sí ọ̀kan hàn. Ojúlówó Markdown kò ní irú ẹ̀. Bákan náà, kò sí ohun tí ó ń yẹ ìsopọ̀ wò nínú ìlànà náà fúnra rẹ̀. Bí orúkọ fáìlì bá yí padà, ìsopọ̀ yóò kú láìké. Hugo àti Jekyll ti gbìyànjú níbí: àwọn méjèèjì ní ọ̀nà ìtọ́kasí kan tí yóò kọ̀ láti tẹ ìkànnì jáde bí fáìlì tí wọ́n tọ́ka sí kò bá sí. Ìkọ̀sílẹ̀ yìí dára. Ó sàn kí ẹ̀rọ pariwo ní tábìlì olùkọ́ ju kí akẹ́kọ̀ọ́ pàdé ilẹ̀kùn títì.

Àwọn kan lè sọ pé ẹ̀rọ ìṣàwárí bíi Google ti sọ gbogbo èyí di àfikún iṣẹ́ lásán: ẹni tí ó bá fẹ́ nǹkan, kí ó wá a. Ọ̀rọ̀ yìí kò dúró lójú ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ohun tí ènìyàn bá mọ orúkọ rẹ̀ nìkan ni ó lè wá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, Ìfọ́lé, rí kò lè tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ ìṣàwárí. Láti orí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ni olùkọ́ ti ń mú un lọ sí èyí tí kò mọ̀. Iṣẹ́ tí ìsopọ̀ ń ṣe gan-an nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ mọ Èbúté Mẹ́ta nítorí pé ó ń wọ ọkọ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Ìsopọ̀ ni yóò mú un dé 1867.

5. Àbá fún olùkọ́

Àkọ́kọ́, kí àkọlé máa ní gbogbo àmì rẹ̀, kí àdírẹ́sì sì jẹ́ lẹ́tà lásán tí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ yàn. Níbi tí lẹ́tà lásán bá ti lè da ọ̀rọ̀ pọ̀, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan kún un: oko-oju-irin, oko-ohun-ija, oko-agbe. Èkejì, kí wọ́n yan àkọtọ́ kan fún orúkọ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kọ àwọn yòókù gẹ́gẹ́ bí orúkọ àbísọ kejì. Hugo gbà kí wọ́n ṣe èyí ní orí fáìlì, tí ebute-metta yóò fi máa darí òǹkàwé sí ebute-meta. Ẹ̀kẹta, kí gbogbo fáìlì wà ní NFC, pẹ̀lú irú àmì abẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀kẹrin, kí kíláàsì jọ ṣe àtòjọ ìsọ̀rí kí ìkọ̀wé tó bẹ̀rẹ̀, kí ọdún ìṣẹ̀lẹ̀ sì wà ní orí fáìlì lọ́tọ̀ sí ọjọ́ ìkọ̀wé.

Ẹ̀karùn-ún ni ó ṣe pàtàkì jù. Kí àkọsílẹ̀ kankan má ṣe jáde bí kò bá tọ́ka sí méjì ó kéré tán, tí méjì kò sì tọ́ka sí i. Kí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ṣe ìsopọ̀ sì sọ ibi tí ó ń lọ. “Tẹ ibí yìí” kò sọ nǹkan kan fún òǹkàwé. “Bí Ìfọ́lé ṣe pa Ìwé Ìròyìn” ti kọ́ ọ ní nǹkan kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá lè fi gbólóhùn kan ṣàlàyé ìdí tí àkọsílẹ̀ méjì fi tan, kò tíì yé e. Nípa báyìí, olùkọ́ lè máa fi ìsopọ̀ díwọ̀n òye, kì í ṣe ìmọ̀ ẹ̀rọ nìkan.

6. Ìkádìí

Markdown kò jẹ̀bi gbogbo ohun tí àgbéyẹ̀wò yìí kà sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n ṣe é ń ronú nípa èdè tí kò lo àmì ohùn, àti òǹkọ̀wé tí ó ń kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lónìí. Irinṣẹ́ tí ó rọrùn, tí ó sì lè pẹ́, ni wọ́n ṣe. Ohun tí kò lè ṣe ni kí ó mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀, tàbí kí ó mọ̀ pé Abẹ́òkúta àti Èbúté Mẹ́ta pàdé ní 1867. Ẹni tí ó mọ èdè, tí ó sì mọ ìtàn, ni iṣẹ́ náà wà fún. Bí àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá bá fi ìsọlórúkọ àti ìsopọ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ, b-t-m-ta ni wọn yóò bá nílẹ̀. Bí wọ́n bá gbà á mọ́ iṣẹ́ wọn, àkójọ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lásán lè di ìwé ìtọ́kasí tí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò máa lò.